Nígbà tí àṣẹ kò dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́: Ẹ̀kọ́ ọ̀gá panápaná New York fún Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Bí ènìyàn bá ti Òṣogbo gba ọ̀nà Ìkìrun, tó kọjá ní Ìníṣà, tó dé Òkukù, tó sì forí lé Ọ̀fà, yóò rí i pé ọ̀nà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Bí ọkọ̀ agbépo ṣe ń lọ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀, àwọn tó ń pàtẹ ọjà sí etí títì kò sì jìnnà sí táyà wọn rárá. Ojú irin tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, èyí tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, gba agbègbè yìí kọjá lọ sí Ìlọrin. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ní ọgbà kan sí Òkukù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ lójijì ní ibẹ̀, ta ni yóò pàṣẹ, ọ̀nà wo ni àṣẹ náà yóò sì gbà dé etí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ?

Kì í ṣe àwọn ará Ọ̀ṣun nìkan ni ìbéèrè yìí kàn. Ní ọdún 2001, New York tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó lówó jù lágbàáyé kò rí ìdáhùn sí i ní ọjọ́ tó nílò rẹ̀ jù. Ọkùnrin kan wà ní ojú iná lọ́jọ́ náà tí ó jẹ́ pé wíwá ìdáhùn yìí ni ó fi ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Joseph Pfeifer ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn òkèèrè lásán. Àwọn àgbà sọ pé igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ọdún 1981 ni Pfeifer wọ iṣẹ́ panápaná ní New York. Nígbà tí ọdún 2001 fi máa dé, ó ti di ọ̀gá tó ń darí ọ̀wọ́ àwọn panápaná ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹnì kan pè wọ́n pé òórùn gáàsì ń jáde ní àárín títì. Iṣẹ́ kékeré ni irú èyí jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Jules Naudet, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ya fíìmù nípa ìgbé-ayé àwọn panápaná, tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbóòórùn ilẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí bàálù kan fò kọjá lórí wọn, tó sì forí sọ ọ̀kan nínú ilé gogoro méjì tí wọ́n ń pè ní World Trade Center. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 46 ni. Pfeifer kò ṣiyè méjì. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ti sọ sínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ pé ó jọ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù náà kọ lu ilé, ó sì ní kí wọ́n kó àwọn panápaná wá lọ́pọ̀ yanturu.

Òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ó fi gbàgede ìsàlẹ̀ ilé náà ṣe ibùdó àṣẹ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gòkè. Ilé alájà 110 ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé iná tó wà lókè yẹn kò ṣe é fi omi pa. Àwọn ènìyàn tó há sókè ni wọ́n fẹ́ lọ gbà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Kevin, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ panápaná. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ojú ara wọn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò máa gòkè lọ, àbúrò sì lọ. Kò padà wá láàyè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti já

Ibi tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa fọkàn sí jù nìyí. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 59, ilé kejì tí bàálù mìíràn kọ lù wó lulẹ̀. Eruku bo Pfeifer àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, òkùnkùn sì ṣú. Wọn kò mọ̀ pé odindi ilé kan ti wó ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n nílùú mìíràn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, Pfeifer pàṣẹ sínú ẹ̀rọ pé kí gbogbo panápaná tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀ kíá. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan kò gbọ́ rárá, torí pé ẹ̀rọ náà kò lágbára tó láti dé gbogbo àjà ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé ilé kejì ti wó. Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 28, ilé tiwọn náà wó.

Lọ́jọ́ náà, 343 panápaná ni ó bá iṣẹ́ lọ. Gbogbo àwọn tó kú ní New York jẹ́ 2,753.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí ìkọlù náà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù keje, ọdún 2004. Ohun tó wà níbẹ̀ yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ọlọ́pàá ní hẹlikópítà lójú òfuurufú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì rí i pé ilé tó kù kò ní í pẹ́ wó. Wọ́n kéde rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ti panápaná, ibùdó àṣẹ wọn yàtọ̀, kò sì sí ọ̀nà gidi kan tí ìkéde náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn. Ìlú kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló kó wọn wá síbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là wà lọ́wọ́ àwọn kan, kò sì dé etí àwọn kejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002 ni wọ́n rí òkú Kevin nínú àlàpà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbá lé kúrò nídìí iṣẹ́. Pfeifer kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó lọ kọ́ nípa ààbò abẹ́lé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní California, ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú iléeṣẹ́ panápaná New York tó ń múra sílẹ̀ de ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí àti àjálù ńlá. Òun ló darí ẹ̀ka náà títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018, lẹ́yìn ọdún 37. Ní ọdún 2021 ó gbé ìwé jáde nípa ọjọ́ náà. Ní ọdún 2023 wọ́n tún pè é padà gẹ́gẹ́ bí igbákejì kọmíṣọ́nnà àgbà fún iléeṣẹ́ náà.

Kí ni ó rí kọ́? Ó ní bí ìpọ́njú bá dé, ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀ ni oníkálukú máa ń sá sí. Ọlọ́pàá yóò bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, panápaná yóò bá panápaná sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ara wọn. Bí ọpọlọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ ibi gbọ́dọ̀ ti jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn lọ́jọ́ ire. Ó gbọ́dọ̀ mú wọn jókòó pọ̀, kí wọ́n jọ dánra wò, kí olúkúlùkù sì mọ orúkọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀ níhà kejì.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà gbé ìgbésẹ̀. Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lu òfin tó dá iléeṣẹ́ ìjọba fún ààbò abẹ́lé sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ọdún 2002. Àjọ 22 ni wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ọdún 2003. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí. Nígbà tí ìjì Katrina dé New Orleans ní oṣù kẹjọ, ọdún 2005, iléeṣẹ́ ńlá yìí ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ omi gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àwọn tó yè sì jókòó sórí òrùlé fún ọjọ́ mélòó kan láìrí olùrànlọ́wọ́. Ó ju 1,000 ènìyàn tó kú. Kíkó àjọ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń gbọ́ ara wọn ní àgbọ́yé.

Jálumi àti Òkè-Afà

Àwọn ará Ìkìrun kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti New York wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Ó ti wà nínú ìtàn tiwọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá parapọ̀ láti gba Ìkìrun. Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pàgọ́ sí ojú kan náà, oníkálukú ló sì ní olórí tirẹ̀. Balógun Àjàyí Ògboríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn dé, abẹ́ àṣẹ ẹnì kan ni gbogbo wọn sì wà. Ṣe ni wọ́n ṣẹ́gun àwọn àgọ́ náà, tí ìkan kò ráyè gba èkejì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń sá dé etí Odò Ọ̀tìn, wọ́n ń já lu omi, odò sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ìdí tí a fi ń pe ogun náà ní Ogun Jálumi títí dòní nìyẹn.

Bí a bá rò pé ìgbà láéláé ni irú èyí mọ, ẹ jẹ́ kí á rántí Èkó ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002. Àwọn àdó olóró tó wà ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ju 1,000 ènìyàn tó kú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kú sí ibi tí àdó olóró wà. Nínú omi kánáálì Òkè-Afà ni wọ́n kú sí, ibi tó jìnnà sí bárékè náà. Wọ́n ń sá lóru, wọn kò mọ ohun tó ń bú, wọn kò mọ ibi tí ewu wà àti ibi tí kò sí. Kò sí ohùn kan tó dé etí wọn kíákíá láti sọ pé, "Ẹ dúró sílé, ẹ má gba ibẹ̀." Bí wọ́n ṣe já lu omi lọ́dún 1878 ni wọ́n tún já lu omi lọ́dún 2002. Èyí tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé ti àkọ́kọ́, ogun ni. Ti èkejì, àìsí ìròyìn ni.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, àjọ tó yẹ kó gbani kò wọ́n wa. Iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1901, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Òfin iṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1963, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dé ní 1988. Àjọ NEMA tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì dé ní 1999. Òfin àwọn Sífú Dìfẹ́ǹsì jáde ní 2003. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ọlọ́pàá wà, sójà wà. Olúkúlùkù ló ní aṣọ tirẹ̀, ọ̀gá tirẹ̀ àti ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìbéèrè Pfeifer ló wá kù: bí gbogbo wọn bá pàdé ní ojú iná kan, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ òfin?

Ohun tó kan agbègbè wa

Ohun mẹ́ta ló mú kí ìbéèrè yìí gbóná fún Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù.

Èkíní ni ọkọ̀ agbépo. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2018, tánkà kan ṣubú nítòsí bíríìjì Otedola ní Èkó, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ó sì ju 50 ọkọ̀ tó jóná. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, tánkà ṣubú, àwọn ènìyàn sáré lọ gbọ́n epo, iná sọ, ó sì pa ju 150 lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger, ó ju 80 ènìyàn tó bá a lọ. Ní Majiya, àwọn ọlọ́pàá sọ pé àwọn gbìyànjú láti lé àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà bo àwọn mọ́lẹ̀. Bí tánkà bá ṣubú sí àárín ọjà kan lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà lónìí, ohùn ta ni àwọn ará ọjà yóò gbọ́ràn sí? Ti àjèjì tó wọ yunifọ́ọ̀mù ni, àbí ti Ìyálọ́jà wọn?

Èkejì ni àwọn adigunjalè. Ọ̀fà kò jìnnà sí Òkukù. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, ọdún 2018, àwọn ọlọ́ṣà wọ ìlú náà, wọ́n ja báǹkì márùn-ún lólè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì pa ju 30 ènìyàn, àwọn ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà lára wọn. Tésàn ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ lù. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn: ẹni tó yẹ kó pe ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́. Ìlú tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ibì kan ṣoṣo, bí wọ́n bá ti fọ́ ibẹ̀, ó parí.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó wà nínú ilé tí a kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ilé kan bú gbàmù ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ó sì fọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé àwọn tó ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ síbẹ̀. Panápaná tó bá sáré wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ikú ló ń sáré bá. Aládùúgbò tó mọ̀ tí kò sọ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìjà inú ilé náà lè di àjálù. Nígbà tí àríyànjiyàn lórí oyè Akinrun gbóná ní Ìkìrun ní ọdún 2022, ó dé ibi tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ní ọjọ́ díẹ̀ tó gbàjọba ní oṣù kọkànlá, fi pàṣẹ pé kí àwọn agbófinró máa ṣọ́ ààfin Ìkìrun, ti Ìrèé àti ti Ìgbájọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ òfo kan bá jáde láti ẹnu ẹnì kan, ó lè dáná sun àdúgbò kí àṣẹ tòótọ́ tó dé.

Àwọn kan yóò sọ pé owó ni ìṣòro wa, pé bí ọkọ̀ panápaná bá pọ̀, tí omi wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. A kò sọ pé kí ìjọba má ra ọkọ̀. Ọwọ́ òfìfo kò ṣe é fi pa iná, ojúṣe ìjọba sì ni láti rí i pé ọkọ̀, omi àti òṣìṣẹ́ wà nítòsí, kí wọ́n má ti ẹrù náà sí orí aráàlú. Ṣùgbọ́n New York ní ọkọ̀, ó ní omi, ó ní owó, síbẹ̀ 343 kú. Ohun tó wọ́n wọn lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu kan dé etí kan. Ìyẹn kò sì wọ́n tó ọkọ̀ panápaná kan.

Ohun tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni wà. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, tó ní ibùjókòó ní Ìkìrun, àti ti Odò-Ọ̀tìn, tó ní ibùjókòó ní Òkukù, pe ọlọ́pàá, panápaná, Sífú Dìfẹ́ǹsì, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn dókítà àti àwọn aláṣẹ yunifásítì jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò pàṣẹ bí iná bá sọ, àti ẹni tí yóò pàṣẹ bí ó bá jẹ́ ọlọ́ṣà. Kí wọ́n jọ dánra wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí wọ́n kọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, àti nọ́ńbà àwọn tó wà nítòsí, sára ògiri ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti iléèwé. Kí àwọn Kábíyèsí wa, Akinrun, Olúníṣà àti Olókukù, jẹ́ kí ohùn ààfin wà lára ètò náà, kí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì lè kéde ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí Ìyálọ́jà rí i pé ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà wọ ọjà kò di ìsọ̀.

Ìdí pàtàkì wà tí a fi ń dárúkọ ààfin àti ọjà. Nígbà tí bàálù kan já sínú odò Hudson ní New York ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009, gbogbo ènìyàn 155 tó wà nínú rẹ̀ ló yè. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lójoojúmọ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, torí pé àwọn ló sún mọ́ wọn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù. Aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ dé. Ohun tó kù ni bóyá aládùúgbò náà yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tó bá dé, àbí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì dání wá gbọ́n epo.

Pfeifer ran àbúrò rẹ̀ gòkè, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe ojúṣe rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti etí àwọn tó wà lókè ni kò ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, láti Odò Ọ̀tìn títí dé Òkè-Afà. Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó báyìí, nígbà tí ọjà ṣì ń ná, tí ọ̀nà sì dákẹ́.